Àwọ̀ Edé Lẹ́nu Èdè Wa

Edé tí ilé ìdáná Ẹ̀rìn-Ilé mọ̀, edé gbígbẹ ni. Orí àtẹ ọlọ́jà la ti ń bá a pàdé, ó ti ká kò, ó ti pọ́n, ó ń ta sánsán. À ń fi í sínú ẹ̀fọ́, à ń lọ̀ ọ́ mọ́ ata. Ẹ̀rìn-Ilé àti Ọ̀fà tí wọ́n jọ múlé ti ara wọn ní ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ jìnnà sí ọ̀sà àti òkun, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa dàgbà pẹ̀lú èrò pé bí wọ́n bá ti dárúkọ edé, pupa ni. Èrò yẹn ló yẹ kí a kọ́kọ́ tú ká, torí pé edé tó wà láàyè kì í sábà pupa. Iná ló ń sọ ọ́ di pupa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ẹ̀rìn-Ilé ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ó ń sin edé kéékèèké aláràbarà nínú àpótí onígíláàsì. Ó ní ìyá àgbà òun jókòó ti àpótí náà, wọ́n ń na ìka: "Kí lorúkọ èyí? Tọ̀hún ńkọ́?" Gbogbo orúkọ tó wá sí òun lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó wá kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kò sí bí a ṣe lè pè wọ́n kó yé ìyá wa?" Ó wà. Kí àpótí onígíláàsì tó dáyé ni àwọn baba wa ti ń fi àwọ̀ àti àrà ara pe ẹran àti ẹyẹ wọn lórúkọ. Adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, aṣa ni wọ́n pè é. Èyí tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀pìpì. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, arúpẹ̀. Ohun tó kù ni kí a mú irú ojú bẹ́ẹ̀ wo edé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọmọ là ń tọ́. Ẹran, ẹyẹ àti ẹja là ń sìn. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí sìn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀ lé e, ohùn náà á gòkè di ti àárín: mo sìn ín, mo sin edé. Ohùn àárín sì ni sin tí à ń lò fún òkú ní tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "mo sin edé mẹ́wàá lọ́dún tó kọjá," olùgbọ́ rẹ̀ lè máa rò ó bóyá ọ̀sìn ni tàbí ìsìnkú. Níbi tí iyèméjì bá ti lè wọlé, "mo fi edé ṣe ọ̀sìn" ló yanjú jù lọ.

Ìṣọ́ra kejì, ti àmì ohùn ni. Ẹ̀dá inú omi ni edé, ohùn àárín àti ohùn òkè. Ohun tí à ń sọ lẹ́nu ni èdè, ohùn ìsàlẹ̀ méjì. Ìlú Tìmì ni Ẹdẹ. Lórí fóònù, "ede" lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ fún gbogbo wọn, tí òǹkàwé á sì máa méfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ àti awọ. Àwọ̀ ni ohun tí ojú rí. Awọ ni ohun tí à ń bó lára ewúrẹ́. Edé kò ní awọ. Èèpo ló ní, gẹ́gẹ́ bí akàn, gẹ́gẹ́ bí ẹyin. Ìkarahun, ti ìgbín àti ahun nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi edé ṣe ọ̀sìn yóò rí ìyàtọ̀ yìí kòrókòró: bí edé bá ń dàgbà, á bọ́ èèpo rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, ẹ óò bá èèpo náà nísàlẹ̀ omi, ó mọ́ gaara, bẹ́ẹ̀ edé pupa tó bọ́ ọ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pupa rẹ̀ kò yẹ̀. Ìdí ni pé púpọ̀ nínú àwọ̀ náà kò sí nínú èèpo. Abẹ́ èèpo ló wà, nínú àwọn hóró ara tíntìntín tó ń fẹ̀, tó sì ń sún kì. Ìdí nìyí tí edé kan náà fi lè ràn yòò lórí ilẹ̀ dúdú, kó sì ṣá bí a bá gbé e sórí yanrìn funfun.

Wàyí o, àwọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fetí sí àgbàlagbà tó ń wá ẹran rẹ̀ tó sọnù, kò ní sọ pé "ewúrẹ́ mi ní àwọ̀ dúdú." Á ní "ewúrẹ́ dúdú ni." Dúdú, funfun àti pupa, àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n dá dúró nínú èdè wa, wọn kò nílò àwọ̀ kankan tí yóò máa ṣíwájú wọn. Edé pupa ni, kì í ṣe "edé tó ní àwọ̀ pupa." Àwọn yòókù gbogbo, ara nǹkan la ti yá wọn: ewé, aró, ìyeyè, osùn, eérú. Àwọn wọ̀nyí ni àwọ̀ yẹ fún: edé aláwọ̀ ewé, edé aláwọ̀ aró. Ọ̀pọ̀ ìròyìn tí mò ń kà lónìí ló ń fi "aláwọ̀" sí iwájú gbogbo rẹ̀ láìyọ ẹyọ kan, tí gbólóhùn á sì wúwo láìnídìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá mọ̀. Mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Pupa kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Agbo ilé ńlá ni. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, amọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà wà níbẹ̀, èèyàn tí àwọ̀ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé pupa ló ń sọ yàrá tí a wà: pupa fòò, pupa yòò, pupa fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, pupa rúsúrúsú. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń bá rìn. Báláú àti kinniwin, funfun ni wọ́n ń bá lọ. Biribiri, òkùnkùn ló ni ín, etí mi kò gba "edé dúdú biribiri." Ní ti dúdú tó ń dán, àfiwé la sábà máa ń lò, dúdú bíi kóró iṣin, tàbí kí a tilẹ̀ sọ ọ́ di orúkọ: adúmáadán. Ìyá àgbà wo ni yóò gbọ́ "edé adúmáadán" tí kò ní mọ èyí tí ọmọ ń tọ́ka sí?

Edé pupa tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní nínú àpótí, Neocaridina davidi ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà àti erékùṣù Taiwan wà lára ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Nínú odò ìbílẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe pupa: ó rí rúsúrúsú bí ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ara rẹ̀ sì mọ́ gaara tí à ń rí ìfun rẹ̀ láti ìta. Àwọn olùsìn ní Taiwan ló ṣa àwọn tí pupa díẹ̀ wà lára wọn, wọ́n mú wọn gun ara wọn, wọ́n tún ṣa nínú ọmọ, títí pupa fi bo gbogbo ara. Lónìí wọ́n ti to pupa ní ìpele ìpele. Èyí tó kéré jù ni èyí tí pupa kàn wín sí i lára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí pupa bo ara ṣùgbọ́n tí à ń rí inú rẹ̀. Èyí tó ga jù ni èyí tí pupa ti ki, tó dé ẹsẹ̀, tí ojú kò lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú ìpele wọ̀nyí ń jẹ́ sakura. Èdè Jàpáánì ni, òdòdó igi wọn kan ni. Gbogbo ayé ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí àwọn ará Jàpáánì túmọ̀ rẹ̀.

Tiwa náà ń bẹ nílẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́, ẹ pè é ní onítótòtó pupa. Èkejì, pupa fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Èyí tó bo ara dáadáa, pupa fòò. Èyí tó ki jù lọ, àlàárì. Àlàárì ni aṣọ òkè pupa tí àwọn baba wa fi ń ṣe ayẹyẹ, kò sì sí ẹni tó mọ aṣọ tí yóò gbọ́ orúkọ yẹn tí yóò ro pupa ṣíṣá. Bí ẹ bá ní edé tó rí bíi sányán náà, tó mú àwọ̀ òwú ara kòkòrò, ẹ pè é ní sányán.

Mo ti wí níbẹ̀rẹ̀ pé iná ló ń sọ edé di pupa. Nínú ara edé ni nǹkan pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní astaxanthin. Inú ewéko omi tíntìntín ló ti ń wá. Edé kò lè dá a ṣe láìsí oúnjẹ tó ní èròjà rẹ̀, ẹnu ló fi ń rí i. Bí edé bá wà láàyè, púpọ̀ nínú nǹkan pupa yìí ló so mọ́ èròjà ara mìíràn, ìso yẹn ni ó ń jẹ́ kó hàn bí aró, bí ewé tàbí bí ẹrẹ̀. Bí omi gbígbóná tàbí èéfín bá dé bá a, ìso náà á já, pupa á sì yọ síta. Ìdí nìyí tí edé tó dúdú nínú àwọ̀n apẹja fi ń pọ́n nínú ìkòkò. Ẹ kíyè sí i pé pọ́n ni mo lò. Ata pọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n, irin pọ́n nínú iná, ojú pọ́n: nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ sí wọn kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé à ń wí pé ènìyàn pọ́n láti inú ìyá rẹ̀ wá, tí à ń pè é ní apọ́nbéporẹ́. Ṣùgbọ́n fún edé, mo fẹ́ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀. Edé inú àpótí pupa. Edé inú ọbẹ̀ pọ́n. Bí ọmọ bá kígbe pé "edé mi ti pọ́n," kí ìyá rẹ̀ sáré wo omi náà bóyá ó ti gbóná jù.

Edé aláwọ̀ aró wà pẹ̀lú, lára ìdílé kan náà. "Búlúù" ni ọ̀pọ̀ ń pè é, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí búlúù. Ọ̀rọ̀ àyálò tó ti gba ilé ni. Ṣùgbọ́n àwọn aláró wa ti ń díwọ̀n àwọ̀ yìí tipẹ́. Aṣọ tí wọ́n kì bọ aró díẹ̀, àyìnrín ló ń jẹ́. Èyí tó mu aró dáadáa, aró. Èyí tó mu ún títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dú, ẹtù. Ẹ̀sọ̀ ni kí ẹ fi kọ ẹtù. Ẹyẹ ni ẹtù, aṣọ sì ni, torí pé aṣọ náà fi ara jọ ìyẹ́ ẹyẹ náà; ẹran igbó ni ẹtu; èyí tí ọdẹ ń kì sínú ìbọn ni ẹ̀tù.

Ní ti ilà àti àmì, ilé Bíbélì ni mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí parí ní ọdún 1884, wọ́n sì ní láti dá àwọn ẹran Lábánì àti ti Jákọ́bù mọ̀ yàtọ̀ síra nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ọ̀rọ̀ darandaran ni wọ́n mú: abilà, alámì. Abilà ni ẹran tí ilà gùn tàbí tó dábùú lára rẹ̀; alámì ni èyí tí àmì wà lára rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Adíkálà náà wà fún èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ láìlétò. Edé kan wà tó dúdú, tó tún funfun, tí àwọ̀ méjèèjì dì í lára bí ọ̀já. Caridina cantonensis ni ọ̀pọ̀ olùsìn ń pè é, gúúsù Ṣáínà ló sì ti wá. Abilà tọ́ sí i. Ẹnìkan dábàá ọlọ́jàá fún mi, ó dùn létí, ṣùgbọ́n bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, ọlọ́jà ni ẹ óò gbọ́, edé á sì di ìyálọ́jà. Abilà ni mo yàn.

Láti ara edé abilà dúdú yìí ni ìtàn kan ti jáde tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sin ẹran gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1990, Hisayasu Suzuki, olùsìn edé ní Jàpáánì, rí abilà pupa láàárín ọ̀pọ̀ abilà dúdú rẹ̀. Kò dà á nù. Ó dá a sí, ó sìn ín, ó ń ṣa ọmọ, ó ń ṣa ọmọ ọmọ, títí abilà pupa fi di ìran tó dúró. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń wá, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìyẹn, ti edé sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Pupa yẹn ti wà nínú àwọn dúdú kan ní ìpamọ́. Edé kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá. Bí ìpín dúdú kan bá wà níbẹ̀, dúdú ni yóò hàn, pupa á sì sùn. Bí dúdú méjì tí pupa ń sùn nínú wọn bá pàdé, nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan lè pupa. Ẹni bíni là á jọ kò ṣìnà rárá. Ẹni tó bí ẹni tó bíni wà nínú ìṣirò náà, èyí tí kò ní ṣòro fún ilé tó ń sọ ọmọ ní Babátúndé láti lóye.

Ìran ń padà lọ́nà mìíràn tí kò dùn mọ́ olùsìn nínú. Bí ẹ bá da àlàárì, aláwọ̀ aró àti aláwọ̀ ìyeyè pọ̀ sínú àpótí kan, torí pé ìdílé kan náà ni wọ́n, wọn yóò gun ara wọn. Láàárín ìran díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn á padà sí àwọ̀ ẹrẹ̀ tí baba ńlá wọn gbé wá láti odò. Kí la ó pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Mo ti rí "ayédèrú" tí wọ́n lò fún un, kò sì dára. Ayédèrú ni ohun tí wọ́n fi tanni jẹ; edé yìí kò tan ẹnikẹ́ni. Àbùlà ni ohun tí wọ́n fi omi tàbí nǹkan mìíràn là, ó sún mọ́ ọn díẹ̀. Àmúlùmálà ló bá a mu: ohun tí a mú lu ara wọn. Òdì kejì rẹ̀ ni ojúlówó.

Ṣíṣà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Yàn ni pé kí ojú wo púpọ̀, kó mú ọ̀kan. Ṣà ni pé kí ọwọ́ máa yọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí a mú nítorí pé ó dára jù ni àṣàyàn. Èyí tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí a ṣa tán ni àṣàkù. Àwọn oníṣòwò edé ọ̀ṣọ́ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó le fún àwọn tí kò yege. Àṣàkù kò ní ẹ̀gàn nínú, ọlọ́jà lè kọ ọ́ sára àpótí ní gbangba, ẹni tówó rẹ̀ kò tó àlàárì á sì ra àṣàkù, á gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ọkùnrin àti obìnrin, ti ènìyàn ni. Akọ edé, abo edé. Abo ló máa ń tóbi jù, àwọ̀ tirẹ̀ ló sì máa ń mú jù. Bí ẹyin bá ń gbó nínú rẹ̀, ẹ óò rí i lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ bíi gàárì tí wọ́n dì mọ́ ẹṣin. Gàárì náà ni kí ẹ máa pè é. Lẹ́yìn tó bá bọ́ èèpo, tí akọ ti gùn ún, ẹyin á kúrò ní gàárì, á bọ́ sábẹ́ ikùn, ó sì máa ń tó ogún tàbí ọgbọ̀n. Ẹ má ṣe sọ pé ó lóyún. Ó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, kò sì tún sàba lé e lórí bí adìẹ. Ẹsẹ̀ kéékèèké ìsàlẹ̀ ikùn ló fi ń fẹ́ omi sí ẹyin náà, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tí ẹyin bá pa, ọmọ tó jáde ti jọ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ó kàn kéré ni. Ti edé ńlá odò tiwa, Macrobrachium vollenhovenii, kò rí bẹ́ẹ̀: omi oníyọ̀ níbi tí odò ti pàdé òkun ni ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé, kó tó máa gòkè bọ̀ nínú odò.

Ó dùn mí pé edé tó ti odò tiwa wá ló jìnnà sí ẹnu wa jù. Jẹ́bà, ní Kwárà níbí, sún mọ́ Ẹ̀rìn-Ilé ju Èkó lọ, Odò Ọya sì ń ṣàn kọjá níbẹ̀. Nínú Odò Ọya ni Atya gabonensis ń gbé, edé olóríkunkun tó ń dúró sínú omi tó ń sáré. Kò ní ọwọ́ tó ń fúnni bíi ti akàn. Irun ló yọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń tẹ́ sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, tó fi ń gbọ́n oúnjẹ wẹ́wẹ́ nínú omi. Àwọ̀ rẹ̀ ń yí láti rúsúrúsú dé aró. Ní Yúróòpù, owó ńlá ni wọ́n fi ń rà á sínú àpótí onígíláàsì, wọ́n sì ń fi orúkọ amùjẹ̀ pè é, bẹ́ẹ̀ ẹran tó tutù ni, kò mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Edé alábẹ̀bẹ̀ ni mo pè é. Ìyá àgbà tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní bi ọmọ léèrè ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn apẹja ni yóò bá wa parí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń dẹ odò ní Jẹ́bà, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ìlàjẹ, ẹ fi orúkọ tí ẹ ń pe edé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí abala yìí, ní ẹ̀ka-èdè tiyín. Ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì sọ fún wa bóyá àwọ̀ tó ní nínú omi ni ẹ fi sọ ọ́ lórúkọ, tàbí èyí tó ní lẹ́yìn tó ti orí iná sọ̀kalẹ̀.